Orí Kẹfà: Dídí Àlàfo Inú Àkọsílẹ̀ National Insurance Kí A Tó Gba Owó Ìfẹ̀yìntì Ìjọba Ìlú Ọba

Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Ìlú Ọba ń san fún àgbà kì í ṣe owó tí onítọ̀hún ti tọ́jú sí ibì kan tẹ́lẹ̀. Ọdún ni ìjọba ń kà. Lábẹ́ ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ẹni tó bá ní ọdún 35 tó pé nínú àkọsílẹ̀ National Insurance rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ń san fún ìjọba láti ara owó iṣẹ́ rẹ̀, ni yóò gba owó náà ní kíkún. Ní ọdún owó-orí 2025/26, tí gbogbo ìṣirò àti iye owó inú orí yìí dá lé, iye náà jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní ọdún 20 yóò gba ìdá 20 nínú 35. Ẹni tó ní ọdún 10 yóò gba ìdá 10 nínú 35. Ẹni tó ní ọdún 9 kò ní gba kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí ló ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham tàbí ní Manchester láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìfẹ̀yìntì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ tó kàwé nínú ẹbí ni wọn yóò pè pé kó wá bá wọn wo ohun tó wà nínú lẹ́tà. Ìdáhùn tí ọmọ náà bá fún wọn lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kún owó tí wọn yóò máa ná títí ọjọ́ ayé wọn. Ó sì lè mú kí wọ́n san owó tí kò ní mú èrè kankan wá. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí lè rò pé bí káàdì alájọ ni nǹkan yìí ṣe rí, pé ohun tí a bá dá náà ni a ó kó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí òṣìṣẹ́ òní ń san ni wọ́n fi ń san owó àgbà òní. Ibi tó ti jọ káàdì alájọ ni pé ọjọ́ tí wọn kò bá fàmì sí, kò sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀ fún onítọ̀hún.

Ètò tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀ pátápátá. Láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 ti jáde, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2014, oníkálùkù ló ní àpò owó tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń san ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 10. Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò san ti oṣù kan, owó ló dín nínú àpò. Ní Ìlú Ọba, ọdún ló ń dín.

Bí ọdún kan ṣe ń pé

Ọdún owó-orí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ó sì ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e. Kí ọdún bẹ́ẹ̀ tó pé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó £125 lọ́sẹ̀, ìyẹn £6,500 láàárín ọdún. Kò di dandan kí wọ́n yọ owó National Insurance lára rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín £125 sí £242 lọ́sẹ̀ kì í san nǹkan kan, síbẹ̀ wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó san. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò lọ́tọ̀. Wọn kì í da owó iṣẹ́ méjì pọ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó £125.

Ẹ wo obìnrin kan tó ń nu ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdájí ló ń wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń nù láàárọ̀. Wákàtí méjì ló ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, yóò lọ nu ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọ̀gá mìíràn, wákàtí méjì náà ni, ọjọ́ márùn-ún náà ni. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún owó-orí 2025/26 fún ẹni tó ti lé ní ogún ọdún ni £12.21 fún wákàtí kan. Wákàtí mẹ́wàá ní £12.21 jẹ́ £122.10. Iṣẹ́ àárọ̀ fi £2.90 dín sí £125. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà fi £2.90 dín. Obìnrin yìí ń gba £244.20 lọ́sẹ̀, kò ṣe ìmẹ́lẹ́, kò sì jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, òfìfo ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré kún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, owó ibẹ̀ yóò di £125.15, ọdún náà yóò sì pé. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí, torí pé ó pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn rí.

Ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ yàtọ̀. Bí èrè rẹ̀ láàárín ọdún bá tó £6,845, ọdún náà pé láìsan nǹkan kan fún Kíláàsì 2, ìyẹn owó National Insurance ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bí èrè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san £3.50 lọ́sẹ̀, ìyẹn £182 fún ọdún kan gbáko. Onídìrí tó ń ṣe irun nínú pálọ̀ rẹ̀, aránṣọ, ẹni tó ń se oúnjẹ òde ní òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ni ètò yìí wà fún, bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí, tí wọ́n sì ń ròyìn èrè wọn bó ṣe yẹ lọ́dọọdún.

Ibi tí àlàfo ti ń wá

William Beveridge ló gbé àbá ètò yìí kalẹ̀ ní 1942. Wọ́n sọ ọ́ di òfin ní 1946, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948. Ọkùnrin tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọ̀dọ́ tí kò sì dúró títí ó fi darúgbó, tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú ilé. Ẹni tí ayé rẹ̀ kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kí àlàfo má wà nínú ìwé rẹ̀. Obìnrin tó dá iṣẹ́ dúró nítorí ọmọ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti dàgbà kó tó wọ̀lú.

Àlàfo mìíràn wá láti inú ọdún tí ènìyàn fi kàwé láìṣiṣẹ́, tàbí tó fi wálé wá kọ́lé. Òmíràn jẹ́ ọdún tí ọ̀gá fi ń san owó sọ́wọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Òmíràn sì jẹ́ àṣìṣe lásán. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó tó lọ́kọ, tó wá ń lo orúkọ ọkọ lẹ́yìn náà, tàbí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí ipò orúkọ ìdílé, iṣẹ́ rẹ̀ lè má dé orí nọ́ḿbà rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ owó lára owó oṣù tí ọ̀gá kò sì fi jíṣẹ́, P60, ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ ní òpin ọdún owó-orí, ni ẹ̀rí tí HMRC lè fi tún un ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbà ilé yín da P60 nù, ì báà ti pé ogún ọdún.

A gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àlàfo àti ọdún tí kò sí rárá. Nọ́ọ̀sì tó dé Ìlú Ọba ní 2022, ní ọmọ ọdún 48, yóò pé ọdún 67 ní 2041. Bí kò bá fi ọdún kankan sílẹ̀ láìṣiṣẹ́, ọdún 19 ni yóò ní. Ìdá 19 nínú 35 lára £230.25 jẹ́ £124.99 lọ́sẹ̀. Kò lè padà lọ ra ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn, torí kò gbé ní Ìlú Ọba ní ọdún wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdéhùn kankan láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì tó lè mú kí wọ́n ka iṣẹ́ Nàìjíríà mọ́ tibẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi kún owó ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Wíwo àkọsílẹ̀

Orí ìkànnì ìjọba, GOV.UK, ni wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ojú ewé méjì ni a máa ń wò. Èkínní ni ti àsọtẹ́lẹ̀, tó ń sọ iye tí onítọ̀hún ti ní títí di báyìí, àti iye tí yóò ní bó bá ń bá iṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Èkejì ni àkọsílẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Níwájú ọdún tó pé, wọn yóò kọ "Full year". Níwájú èyí tí kò pé, wọn yóò kọ "Year is not full", pẹ̀lú iye tó kù àti ọjọ́ tí wọn kò ní gba owó fún un mọ́. Ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọdún iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe orúkọ pọ̀ sí jù.

Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 60 gbọ́dọ̀ ṣe èyí kíákíá. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gba owó náà jẹ́ 66, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 67 láàárín oṣù Kẹrin 2026 sí 2028.

Àlàfo tí a kì í fi owó dí

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré lọ san owó fún ọdún tí ìjọba ì bá ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pe irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí kírẹ́díìtì, ọdún rẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ìyá ọmọ ni mo fi ṣíwájú. Òbí tó ń gba Child Benefit, owó tí ìjọba ń san fún òbí láti fi tọ́ ọmọ, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ń gba kírẹ́díìtì láìbéèrè. Orúkọ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ló ń bọ́ sí. Nínú ilé mìíràn, bàbá tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ọdún tirẹ̀ pé tẹ́lẹ̀, ló kọ fọ́ọ̀mù. Ìyá tó jókòó ti ọmọ kò rí nǹkan kan gbà. Wọ́n lè béèrè kí wọ́n gbé kírẹ́díìtì náà fún ìyá. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan nínú tọkọtaya ń gba owó ńlá, wọ́n wá pinnu pé àwọn kò ní béèrè fún Child Benefit rárá, torí pé ìjọba yóò gbà á padà. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì yàn pé àwọn kò fẹ́ owó. Kírẹ́díìtì yóò máa wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò wọlé.

Láàárín 1978 sí 2010, ètò mìíràn ló wà fún ìyá ọmọ, orúkọ rẹ̀ ni Home Responsibilities Protection. Ó bo gbogbo ọdún tí obìnrin fi ń gba Child Benefit fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ṣùgbọ́n kó tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, wọn kì í fi dandan béèrè nọ́ḿbà National Insurance lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1980 sí 1999 ni ọdún wọn kò fi dé ibi tó yẹ. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀, HMRC sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tọ́rọ̀ kàn ní 2023. Fọ́ọ̀mù CF411 ni wọ́n fi ń béèrè fún àtúnṣe, ẹni tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì pàápàá lè kọ ọ́. Ìyá tó bí ọmọ mẹ́rin ní àsìkò yẹn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún ọdún mẹ́wàá, kó má ṣe san kọ́bọ̀ kó tó kọ fọ́ọ̀mù náà.

Ìyá àgbà náà ní tirẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2011, ìyá tàbí bàbá àgbà tí kò tíì tó ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, tó ń gbé Ìlú Ọba, tó ń bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, lè gba kírẹ́díìtì. Òbí ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni yóò fún un ní tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ti mú ọdún òbí náà pé. CA9176 ni fọ́ọ̀mù náà. Àǹtí àti àbúrò bàbá náà wà lára àwọn tí òfin gbà láàyè. Ìyá àgbà nínú ilé Yorùbá tó ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tó ń dúró dè é ní agogo mẹ́ta, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún láìgba owó, kò pọ̀ nínú wọn tó gbọ́ pé fọ́ọ̀mù yìí wà.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kírẹ́díìtì wà fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn fún ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀, àti fún ẹni tó ń gba Universal Credit, ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ẹ ṣọ́ra ní ibí yìí: ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ béèrè fún Child Benefit tàbí Universal Credit nítorí kírẹ́díìtì. Owó ìfẹ̀yìntì tí ènìyàn fi ọdún iṣẹ́ rẹ̀ gbà kò sí lára ìrànwọ́ tí wọ́n kà léèwọ̀ náà.

Sísan owó fún àlàfo

Ọdún tí kírẹ́díìtì kò bá lè bò ni a wá ń ronú àtisanwó fún. Kíláàsì 3, owó National Insurance tí ènìyàn ń fínnúfíndọ̀ san, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń san, £17.75 lọ́sẹ̀, tó jẹ́ £923 fún ọdún tó ṣófo pátá. Ọdún tó kù díẹ̀ kó pé, ọ̀sẹ̀ tó kù nìkan ni wọn yóò san. Irú rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ dí, torí owó díẹ̀ ló ń gbà. Ọdún mẹ́fà tó kọjá ni òfin gbà kí a padà sí. Àǹfààní pàtàkì tó jẹ́ kí àwọn èèyàn lè padà sẹ́yìn dé 2006 ti parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú 35 lára £230.25, ìyẹn £6.58 lọ́sẹ̀, nǹkan bí £342 lọ́dún. Ẹni tó san £923 yóò ti gba owó rẹ̀ padà kí ọdún mẹ́ta tó pé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni. Ẹni tó lè san Kíláàsì 2 ní £182, ọ̀sẹ̀ 28 ni yóò fi gba tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ní ọdún 9. Bó bá san £923 fún ẹ̀kẹwàá, kì í ṣe £6.58 ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, £65.79 lọ́sẹ̀ ni. Owó rẹ̀ yóò ti padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Kò sí ọjà kankan tí mo mọ̀ tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, ìjọba ló sì ń tà á.

Nígbà wo wá ni sísan owó kò ní mú nǹkan kan wá? Bí ẹni náà bá ṣì kéré, tí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ yóò gbé e dé ọdún 35 kó tó pé ọdún 67, owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó ti ní ọdún 30 kí oṣù Kẹrin 2016 tó dé, tó tún ń ra ọdún tó ṣáájú 2016, òfin àtijọ́ ni wọ́n lè fi ṣe ìṣirò tirẹ̀, ọdún náà sì lè má fi kọ́bọ̀ kún un. Ọdún tó wà lẹ́yìn 2016 ló lè ṣe é láǹfààní, pàápàá bó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí ètò ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ ti jẹ́ kó máa san National Insurance tó dín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le rárá náà ní láti rò ó dáadáa.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé jù ni ti Pension Credit. Ìjọba ń fi owó yìí kún ti àgbà tí owó rẹ̀ kéré, títí yóò fi tó £227.10 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó dá gbé. Ká sọ pé àgbà kan ní £150 lọ́sẹ̀, tí kò ní owó mìíràn, tó sì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn yóò fi £77.10 kún un. Bó bá ra ọdún mẹ́ta ní £2,769, owó rẹ̀ yóò di £169.74, Pension Credit yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí £57.36. Iye tó ń ná lọ́sẹ̀ kò yí padà. Ó ti fi owó ara rẹ̀ dín ohun tí ìjọba ń fún un kù.

Nítorí náà, kí a tó san owó, kí a kọ́kọ́ pe Future Pension Centre, ọ́fíìsì tó ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi wọ́n ni pé: "Bí mo bá san ti ọdún yìí, èló gan-an ni yóò fi kún owó mi lọ́sẹ̀?" Kí a bi wọ́n fún ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń san án, HMRC yóò fún wa ní nọ́ḿbà tó gùn tó 18, òun ni a ó kọ mọ́ owó náà. A gbọ́dọ̀ sọ ọdún tí a san án fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó lè wà lọ́dọ̀ wọn kó má sì bọ́ sí ọdún kankan.

Owó ìfẹ̀yìntì kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó tọ́ sí ni yóò béèrè fún un, ó sì lè béèrè láti oṣù mẹ́rin sí ọjọ́ náà. Ó dára kí gbogbo àlàfo ti dí kó tó béèrè, torí owó tí a bá san lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá, láti ọjọ́ tí a san án ni àfikún rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń múra àtirelé

Bí àgbà náà bá fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, wọn yóò máa san owó rẹ̀ fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tó bá ń gbà lọ́jọ́ tó kúrò kò ní pọ̀ sí i mọ́. Ìlú Ọba ń fi kún owó yìí lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àti fún ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ní àdéhùn lórí rẹ̀, bíi Amẹ́ríkà àti Jàmáíkà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ẹni tó padà sílé ní 2016 pẹ̀lú owó kíkún ti ọdún náà, £155.65, iye yẹn náà ló ń gbà ní 2025, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró sí Lọ́ńdọ̀nù ń gba £230.25. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Annette Carson, tó ń gbé ní South Africa, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, adájọ́ 11 sọ pé kò jàre, adájọ́ 6 wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó wà nílé kì í tètè fura, torí náírà ń já wálẹ̀ sí pọ́n-ùn. Iye náírà tó ń wọlé ń pọ̀ sí i, pọ́n-ùn tó wà nídìí rẹ̀ ò kúrò lójú kan, owó ọjà sì ń lé náírà náà bá. Èyí kò sọ ọdún tí a rà di òfo, ó ṣì ń dá owó rẹ̀ padà kí ọdún mẹ́ta tó pé. Kódà, èrò mi ni pé ẹni tó ń relé ló nílò láti dí àlàfo rẹ̀ jù, torí pé Pension Credit kì í bá ènìyàn kúrò ní Ìlú Ọba. Ohun tó bá gbé lọ́wọ́ lọ ni yóò jẹ.

Ẹni tó ti relé tẹ́lẹ̀ náà ti máa ń san owó fún àlàfo láti òkè òkun. Títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2026, òmíràn nínú wọn ń san Kíláàsì 2 tó rọjú, bó bá ti gbé Ìlú Ọba fún ọdún mẹ́ta tàbí tó san owó fún ọdún mẹ́ta. Ìjọba kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2026, Kíláàsì 3 nìkan ni ẹni tó wà lókè òkun yóò máa lè san, ọdún mẹ́ta náà sì di mẹ́wàá. Ẹni tó bá wà nílé gbọ́dọ̀ tún máa retí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè bóyá ó ṣì wà láàyè. Kó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí, kó sì dá a padà, torí bí ìwé náà kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n lè dá owó dúró.

Ìbéèrè

1. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ ilé ìtajà ní Birmingham, wákàtí 8 lọ́sẹ̀ fún ọ̀gá kan, wákàtí 12 lọ́sẹ̀ fún ọ̀gá mìíràn, ní £12.21 fún wákàtí kan. Ṣé ọdún rẹ̀ yóò pé? Iṣẹ́ wo ló mú un pé?

2. Obìnrin kan bí ọmọ ní 1984, 1987 àti 1991 ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba Child Benefit fún gbogbo wọn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣófo láti 1985 sí 1995. Kí ni ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, fọ́ọ̀mù wo ni yóò sì kọ?

3. Àgbà méjì wà tí oníkálùkù wọn ní àpapọ̀ ọdún 24 tó pé, ṣáájú oṣù Kẹrin 2016 àti lẹ́yìn rẹ̀, £157.89 lọ́sẹ̀ sì ni owó oníkálùkù wọn. Kò sí èyí tó ní owó mìíràn tó ń wọlé. Ọ̀kan yóò dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ń padà sí Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì lè ra ọdún mẹ́rin ní £923 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe ìṣirò fún oníkálùkù wọn, kí o sì sọ ẹni tí ìwọ yóò gbà níyànjú pé kó san owó náà.

4. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nínú ẹbí rẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba rí bóyá ó ti wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, jókòó tì í kí ẹ jọ wò ó, kí o sì kọ ìdí tí ọdún kọ̀ọ̀kan tó ṣófo fi ṣófo sínú ìwé rẹ, láìkọ orúkọ rẹ̀ tàbí nọ́ḿbà rẹ̀.